Sóyà tí kò jinná, sóyà tó jóná: ibi tí owó àwọn olùsìn adìyẹ ń gbà lọ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, olùsìn adìyẹ gbé òṣùwọ̀n jáde, ó wọn àwọn adìyẹ broiler rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Àwọn adìyẹ náà ń jẹun, wọ́n ń mumi, wọn ò wúkọ́, wọn ò sì kú, síbẹ̀ wọn ò wúwo. Òmíràn tóbi díẹ̀, òmíràn rí bí ẹyẹlé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn wọlé. Ẹni tó ta ọmọ adìyẹ ni ọ̀pọ̀ olùsìn máa ń kọ́kọ́ bá jà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ra oògùn aràn, wọ́n á ra fítámì, wọ́n á tún ra oògùn mìíràn sínú omi. Ó máa ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rántí láti bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú sóyà tí wọ́n fi po oúnjẹ náà, kó sì béèrè bí wọ́n ṣe sè é tàbí bí wọ́n ṣe yan án.

Nínú gbogbo naira 100 tí èèyàn bá ná sórí adìyẹ ẹlẹ́ran, nǹkan bíi naira 60 sí 70 ló máa ń bá oúnjẹ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin adìyẹ 200, 500 tàbí 1,000 fi ń po oúnjẹ fúnra wọn. Wọ́n á ra àgbàdo, sóyà, PKC, ẹja gbígbẹ, egungun lílọ̀, iyọ̀ àti premix, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta. Ọgbọ́n ajé ni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n sóyà kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbàdo. Àgbàdo tó bá ti gbẹ, èèyàn lè lọ̀ ọ́ kó sì pò ó bẹ́ẹ̀. Sóyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí iná, iná náà kò gbọdọ̀ kéré, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Ibi tí èyí tó kéré parí sí àti ibi tí èyí tó pọ̀ jù ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà síra wọn rárá.

Kí ló dé tí sóyà fi nílò iná? Nínú kílò 100 sóyà, purotéènì tó wà níbẹ̀ máa ń tó kílò 36 sí 40, òróró sì máa ń tó kílò 18 sí 20. Purotéènì rẹ̀ ní lysine dáadáa, èyí tí àgbàdo kò ní tó. Lysine yìí wà lára ohun tí broiler fi ń kọ́ ẹran àyà, ẹran àyà sì ni oníbàárà máa ń fọwọ́ tẹ̀ wò lọ́jà kó tó dá owó lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí adìyẹ rẹ̀ tètè tóbi kò lè fi sóyà ṣeré. Àmọ́ hóró sóyà ní ohun tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Nínú ìfun adìyẹ, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní trypsin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé purotéènì sí wẹ́wẹ́ kí ara lè gbà á wọlé. Sóyà tí kò tíì rí iná ní àwọn nǹkan kan nínú tó máa ń lẹ̀ mọ́ trypsin yìí, tí wọn ò sì ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí trypsin bá jẹ́ ọ̀bẹ, àwọn nǹkan wọ̀nyí dà bí aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ojú ọ̀bẹ náà. Adìyẹ jẹ purotéènì, kò rí i gé, ó sì yà á dànù.

Kò tán síbẹ̀. Bí ara adìyẹ bá rí i pé trypsin kò ṣiṣẹ́ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè òmíràn. Pancreas ni ẹ̀yà ara tó ń pèsè rẹ̀. Ẹni tó bá ti pa adìyẹ rí ti rí i, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: òun ni ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó funfun díẹ̀ tó sùn sí àárín ibi tí ìfun ti ṣẹ́ kọ́nà, lẹ́yìn iwe. Bó bá ń ṣiṣẹ́ jù, á máa wú. Trypsin tó ń pèsè yẹn, purotéènì ni òun náà, láti ara adìyẹ ló sì ti ń rí i. Èyí ni pé adìyẹ tó ń jẹ sóyà tí kò jinná ń pàdánù lọ́nà méjì: èyí tó wà nínú oúnjẹ ń bá ìgbẹ́ lọ, èyí tó wà lára rẹ̀ náà sì ń bá a lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sóyà tútù tún ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní lectin, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun. Iná ló ń pa òun náà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti rí èyí. Ní 1917, Osborne àti Mendel ní Amẹ́ríkà fi sóyà bọ́ èkúté. Èyí tó jẹ sóyà tútù kò dàgbà dáadáa, èyí tó jẹ èyí tí wọ́n sè sì dàgbà. Ní 1945 ni Moses Kunitz yọ ọ̀kan lára àwọn nǹkan tó ń dí trypsin lọ́wọ́ jáde, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Nígbà tó di 1948, àwọn olùwádìí ní California fi hàn pé pancreas ọmọ adìyẹ tó ń jẹ sóyà tútù máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1908 ni sóyà ti dé Moor Plantation n'Ìbàdàn, kó tó di pé àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Benue sọ ọ́ di iṣẹ́ ajé ńlá. Àwọn ìyá tó ń ṣe wàrà sóyà sì ti mọ ọ̀rọ̀ iná yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ trypsin fún wọn. Kò sí èyí tó máa fún ọmọ rẹ̀ ní omi sóyà tí kò hó dáadáa lórí iná. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tó jẹ wàrà sóyà láàárọ̀ lè lọ da sóyà tí iná kàn rà lára fún ọmọ adìyẹ lọ́sàn-án.

Ọmọ adìyẹ gan-an ló sì máa ń jìyà rẹ̀ jù. Adìyẹ ẹlẹ́yin tó ti dàgbà lè fara da sóyà tí kò jinná tán ju ọmọ adìyẹ ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Màlúù tilẹ̀ lè jẹ ẹ́ ní tútù, nítorí inú rẹ̀ kò rí bí inú adìyẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun fi sóyà kan náà bọ́ adìyẹ ẹlẹ́yin òun tí kò sì sí wàhálà lè má parọ́. Ẹ̀rí tirẹ̀ ni kò kan broiler.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún olùsìn kékeré ni kó se é. Omi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé kaná, bó bá hó, wọ́n á da sóyà tí wọ́n ti ṣà, tí wọ́n sì ti fọ̀, sí i. Ìgbà tí omi náà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó ni kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, kó sì tó 30. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á ka 30 láti ìgbà tí wọ́n da sóyà sínú omi. Bí ìkòkò bá tóbi, ó lè gba ìṣẹ́jú 15 kí omi tó tún hó, ìyẹn ni pé ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Omi máa ń jẹ́ kí ooru wọ inú hóró dáadáa, sóyà kò sì lè jóná nínú omi tó ń hó. Ohun tó nira nínú sísè ni gbígbẹ. Sóyà sísè gbọ́dọ̀ gbẹ títí tí yóò fi máa fọ́ kàkà bí wọ́n bá fi eyín gé e. Nígbà òjò, èyí kì í rọrùn. Sóyà tí wọ́n sè tí kò gbẹ á bu, májèlé tó sì ń tara èébu wá lè ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ jẹ́ ju bí sóyà tútù ṣe lè ṣe lọ. Ẹni tí kò bá ní oòrùn tàbí ibi tó lè fi iná gbẹ ẹ́ kò yẹ kó máa se sóyà lóṣù keje.

Yíyan ni ọ̀pọ̀ èèyàn yàn dípò rẹ̀, nítorí pé sóyà yíyan ti gbẹ kó tó kúrò lórí iná. Agbada gààrí ni àwọn kan ń lò, àwọn mìíràn ń lo dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yí lórí iná. Wàhálà rẹ̀ ni pé iná kì í kárí. Hóró tó wà nísàlẹ̀ agbada á ti dúdú nígbà tí èyí tó wà lókè ṣì tutù. Ẹ̀yìn hóró kan náà tún lè pọ́n nígbà tí inú rẹ̀ kò tíì jinná. Bí àárín hóró ṣe gbóná ni kókó, kì í ṣe bí agbada ṣe gbóná. Nítorí náà, iná tó mọ níwọ̀n, sóyà tí kò pọ̀ jù nínú agbada lẹ́ẹ̀kan, àti ọwọ́ tí kò dẹ́kun rírò ló ń mú un jinná. Ẹni tó bá kó àpò kan dà sínú agbada lẹ́ẹ̀kan náà nítorí kó lè tètè ṣe tán ń pe wàhálà síra rẹ̀ lọ́rùn. Bó bá sì ti kúrò lórí iná, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Sóyà tó ti pọ́n tán tí wọ́n tún kó jọ gègèrè á máa jinná lọ láàárín ara rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní extruder. Ẹ̀rọ náà á fún sóyà mọ́ra, á sì lọ̀ ọ́ mọ́ ara rẹ̀ títí tí yóò fi gbóná tó bíi 130 sí 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbogbo rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú kan. Ó tún máa ń fọ́ ibi tí òróró sá pamọ́ sí nínú hóró, èyí sì ń jẹ́ kí adìyẹ rí agbára òróró náà lò dáadáa. Èyí tó jẹ́ kàrá sóyà, tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò, ilé iṣẹ́ tó fún un ló yẹ kó ti fi iná sí i. Ó yẹ kí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àpò ló rí bákan náà, kódà láti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Iná tó pọ̀ jù wá ńkọ́? Ohun tó ń mú ẹ̀yìn búrẹ́dì pọ́n nínú ààrò ló ń ṣẹlẹ̀ sí sóyà tó pẹ́ jù lórí iná. Ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ á so mọ́ lysine, ìfun adìyẹ kò sì ní lè tú wọn mọ́. Lysine náà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ owó inú kóló tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọ nù ni. Ẹni tó ń bẹ̀rù sóyà tútù tó wá ń yan án títí tí yóò fi dúdú kò gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ohunkóhun. Ó kúrò nínú wàhálà kan, ó bọ́ sínú òmíràn.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àpò kò sì lè ran olùsìn lọ́wọ́ níbí. Bí wọ́n ṣe ń wọn purotéènì ni pé wọ́n á wọn nitrogen, wọ́n á sì fi ṣírò rẹ̀. Sóyà tútù, sóyà tó jinná dáadáa àti sóyà tó jóná lè ní iye nitrogen kan náà. Gbogbo wọn lè jẹ́ ìdá 40 nínú 100 lórí ìwé. Ẹni tó bá tà á kò parọ́, ẹni tó bá rà á kò sì rí ohun tó san owó fún.

Ká wò ó nínú owó. Olùsìn kan ní broiler 500, ó sì fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kílò méjì kó tó tà wọ́n. Bí adìyẹ bá ń jẹ kílò oúnjẹ méjì kó tó fi kílò ẹran kan kún ara, kílò mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 2,000, ìyẹn àpò 80 tó jẹ́ kílò 25. Bí sóyà inú oúnjẹ náà kò bá dára, tí adìyẹ wá ń jẹ kílò méjì àti ààbọ̀ kó tó fi kílò kan kún ara, àpò 100 ni wọ́n máa jẹ. Àpò 20 ti lọ, kò sì sí adìyẹ kan ṣoṣo tó kú tí olùsìn náà á fi mọ̀ pé òun pàdánù. Kí a má tíì ka àwọn ọjọ́ tí wọ́n máa fi dúró sí i, tí ọjà ọdún lè fi kọjá wọn.

Nígbà tí àwọn kan bá rí irú èyí, sóyà ni wọ́n máa ń fi kún un. Bí sóyà náà kò bá jinná, ohun tó ń fa wàhálà ni wọ́n ń fi kún wàhálà. Methionine tí wọ́n ń rà lọ́jà lè dín ìpalára sóyà tútù kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ iná.

Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ èyí tó jinná? Kó kọ́kọ́ mú hóró bíi 20 láti ibi tó yàtọ̀ síra nínú àpò, kó fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì. Inú wọn ló máa wò, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ó yẹ kí inú náà ní àwọ̀ kan náà, pípọ́n rẹ́súrẹ́sú, kó máa ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan. Bí àárín bá ṣì dà bíi ti tútù, tó sì ń rùn bí ewé ẹ̀wà lẹ́nu, kò tíì jinná. Bó bá dúdú títí dé inú, tó sì korò, ó ti kọjá ààlà. Ojú àti ẹnu máa ń tanni jẹ ṣá, pàápàá lára sóyà tí wọ́n ti lọ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gbowó lórí, ajílẹ̀ yúríà ni wọ́n fi ń ṣe é. Sóyà tútù ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní urease, tó máa ń sọ yúríà di ammonia. Iná tó ń pa ohun tó ń dí trypsin lọ́wọ́ ń pa urease yìí náà, nǹkan bí àkókò kan náà. Nítorí náà, bí urease bá ṣì wà láàyè, ó ṣeé ṣe kí èkejì rẹ̀ náà wà. Olùsìn á bu ṣíbí méjì lára sóyà tí wọ́n lọ̀ sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí, á fi ìdajì ṣíbí yúríà sí i, á fi omi díẹ̀ pò ó, á sì dé e pa. Kó ṣe irú rẹ̀ sínú ìgò kejì pẹ̀lú sóyà tó mọ̀ dájú pé ó tutù, kó lè rí ohun tó máa fi wé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 sí 30, kó ṣí wọn. Òórùn tó máa ń ta imú nínú ilé adìyẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, gbogbo olùsìn mọ̀ ọ́n. Bó bá jáde gidi nínú ìgò àkọ́kọ́ bó ṣe jáde nínú èkejì, kí sóyà náà padà sórí iná. Bébà litmus pupa tún lè ràn án lọ́wọ́: bí wọ́n bá fi omi rin ín, tí wọ́n sì gbé e sí ẹnu ìgò, ammonia á sọ ọ́ di àwọ̀ búlúù. Yúríà gidi ni kí wọ́n lò, kì í ṣe NPK, torí NPK lè ní ammonia tirẹ̀. Kí wọ́n sì da ohun tó wà nínú ìgò sí ibi tí adìyẹ tàbí ewúrẹ́ kò ti ní rí i jẹ.

Ibi tí àyẹ̀wò yìí kù sí ni pé sóyà tútù nìkan ló lè tú fó. Sóyà tó jóná di èédú pàápàá kò ní mú òórùn kankan jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná pọ̀ jù gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Àwọn yunifásítì tó ní ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn, irú èyí tó wà n'Ìbàdàn àti l'Abẹ́òkúta, ni ibi tó yẹ kí èèyàn ti kọ́kọ́ béèrè. Nǹkan méjì ni kó ní kí wọ́n wò. Àkọ́kọ́ ni urease: bó bá wà láàárín 0.05 sí 0.20, ó dára, sóyà tútù máa ń tó nǹkan bíi 2. Èkejì ni iye purotéènì tó yọ́ nínú omi KOH. Ìdá 78 sí 85 nínú 100 ló dára. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, iná kò tó, bó bá sì já wálẹ̀ sí 70 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, iná ti pọ̀ jù. Olùsìn adìyẹ 200 lè má rí owó àyẹ̀wò yìí san nígbà gbogbo, àmọ́ márùn-ún nínú wọn tó ń ra sóyà lọ́wọ́ ẹnì kan náà lè dá a jọ.

Àwọn tó fi sóyà yíyan ṣe òwò ní ìṣírò tiwọn. Sóyà kílò 100 tó ní omi ìdá 12 nínú 100, tí wọ́n yan títí tí omi rẹ̀ fi ku ìdá 6, kò ní ju nǹkan bíi kílò 94 lọ mọ́, kí èèpo tó fẹ́ dànù tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá da iye tó máa tà á lé iye tó rà á láìyọ èyí kúrò á máa rò pé èrè ni òun ń jẹ. Òun náà ni ọkàn rẹ̀ máa ń fà sí i pé kó yára gbé e kúrò lórí iná, kí kílò má bàa dín kù.

Kí wọ́n má lọ sóyà yíyan sílẹ̀ de oṣù méjì. Òróró inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní kété tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, adìyẹ á sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Hóró odindi máa ń pẹ́ ju ìyẹ̀fun lọ. Nínú sóyà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rà tàbí tí wọ́n bá yan, kí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó tà á sí i lára, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ títí tí wọ́n á fi ta adìyẹ tó jẹ ẹ́ tán. Bí òṣùwọ̀n ọ̀sẹ̀ kẹrin bá tún ń sọ ohun tí kò dára, ọ̀rá yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí kí wọ́n tó lọ bá ẹnikẹ́ni jà.